Igbá Mẹ́fà tí Ọ̀jẹ́làdé Fín Kẹ́yìn

Ìbísọ́lá ni aya Ọ̀jẹ́làdé, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dán jù lọ nínú àwọn tó ń fín igbá nílùú Àgbónlé. Ní ọdún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, ibà pa Ọ̀jẹ́làdé. Igbá fínfín mẹ́fà àti Àdùnkẹ́, ọmọ tí a kò tíì já lẹ́nu ọmú, ni ó fi sílẹ̀ fún opó rẹ̀.

Àwọn onígbá ìlú náà ti fẹnu kò tipẹ́tipẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta igbá fínfín kó wálẹ̀ ju irínwó owó ẹyọ lọ. Bí oníbàárà kò bá san tó bẹ́ẹ̀, kí ọlọ́jà gbé igbá rẹ̀ relé. Ọjà mẹ́rin ni Ìbísọ́lá gbé e lọ, tó sì gbé e bọ̀. Ọmú rẹ̀ gbẹ. Àdùnkẹ́ kò tilẹ̀ lè sunkún mọ́.

Ní ọjà karùn-ún, alájàpá kan tí ń jẹ́ Lágbàyí dúró tì í.

"Ìyá ọmọ, èló lẹ pè é?"

"Irínwó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, bàbá."

"Ọgọ́ta ni mo lè san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ìyá Adérìn, olórí ẹgbẹ́ onígbá, rọra fọwọ́ kàn án. "Gbé e relé, Ìbísọ́lá. Èlùbọ́ díẹ̀ kù nílé mi, a ó jọ pín in."

Ìbísọ́lá mọ̀ pé ẹnu méje ló ń dúró de èlùbọ́ náà. Ojú tì í, kò sì fẹ́ kí ó dà bíi pé iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ òun ni òun ń gbé sọnù. Ló bá ní, "Ẹ máa kó o lọ, bàbá. Kí ló wà níbẹ̀? Pàǹkara lásán ni, bí àfọ́kù igbá."

Lágbàyí kó wọn, ó sì kọjá sí ìsọ̀ kejì. "Ọgọ́ta ni mo ń rà á. Onígbá fúnra rẹ̀ ló ní pàǹkara ni."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, kò sẹ́ni tó lè dúró lórí irínwó mọ́. Ìyá Adérìn alára ta tirẹ̀ ní àádọ́ta, kò sì wo ojú Ìbísọ́lá. Ní ọjà tó tẹ̀ lé e, ọgbọ̀n ni wọ́n ń ná an. Ọkà bàbà tí Ìbísọ́lá fi owó igbá náà rà tán láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kí oṣù tuntun tó lé, wọ́n sin Àdùnkẹ́.

Nígbà tí Ìbísọ́lá wá iṣẹ́ dé agboolé Lágbàyí, ó bá ìyàwó ilé tó ń gbálẹ̀, tó ń fi igbá Ọ̀jẹ́làdé kó eérú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́.

"Ìyàwó, iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi nìyẹn."

Obìnrin náà dúró. "Ẹ má bínú, ìyá. Baálé wa ní ẹni tó tà á ló pè é ní pàǹkara."

Ìdí abájọ nìyẹn tí àwọn àgbà fi máa ń sọ ọ́ lówe pé, bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní pàǹkara, wọn a bá a fi kó ilẹ̀.