Ìjàpá àti Ọparun Inú Oko Ìrẹsì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ mi, àlọ́ rèé o.

— Àlọ̀ o. A ti nasẹ̀, à ń gbọ́ yín.

Kí ló wà nínú omi tọ̀sán-tòru, síbẹ̀ tó ń rù?

— Ìrẹsì Ìjàpá ni.

Àlọ́ mi gba ẹ̀bá odò kọjá, ó ki ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀, ó di oko Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo.

Ní ọdún kan, ọ̀dá mú gan-an. Odò kan ṣoṣo ló kù tó ń ṣàn. Àwọn mẹ́ta ló ń dá oko ìrẹsì létí rẹ̀: Ìjàpá, Òkété tó ní ọmọ mẹ́fà, àti Ìyá Àparò tó dàgbà jù wọ́n lọ. Wọ́n ṣe àdéhùn pé kí olúkúlùkù máa la ojú omi sí oko rẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí ó sì dí i kí ó lè kan ẹlòmíì.

Ìjàpá gbà lẹ́nu, kò gbà nínú. Ó ní, "Omi ni oúnjẹ ìrẹsì. Ẹni tó bá fún un ní púpọ̀ ni yóò kórè púpọ̀." Ó gbẹ́ ihò sábẹ́ ògiri ẹrẹ̀ tó yí oko rẹ̀ ká, ó fi koríko bò ó. Omi wọlé títí ó fi mù ún dé orúnkún.

Oko Òkété gbẹ. Òkété rò pé odò ló ń kú lọ, ó ń sunkún nítorí àwọn ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà kò yé Ìjàpá mọ́. Ewé ìrẹsì rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, igi rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ilẹ̀ Ìyá Àparò ń gbẹ débi pé ó ń sán wẹ́wẹ́, síbẹ̀ ìrẹsì tirẹ̀ ta bí ìdì ìgbálẹ̀. Ìjàpá dúró ní ààlà, ó wo tibí, ó wo tọ̀hún.

"Yánníbo, ṣé ojú mi ni?"

"Kì í ṣe ojú yín, baálé mi. Ti Ìyá Àparò ló dára jù."

"Ta ló ń yó tó ń rù?"

"Èmi náà ò mọ̀."

Ó lọ bá Ìyá Àparò. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Kí lẹ̀ ń fún ìrẹsì yín jẹ?"

"Mo ń fún un lómi, mo sì ń jẹ́ kó sinmi omi, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè mí."

"Ẹ fún un, ẹ tún gbà á padà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Orí Ìjàpá dàrú. Ó fara pamọ́, ó ń ṣọ́ ọ. Ìyá Àparò ri ọparun kan tó ní ihò lára mọ́ àárín oko. Láràárọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan yóò la ojú omi, lọ́jọ́ mìíràn yóò kàn padà sílé.

"Ọparun ló ń bá a sọ̀rọ̀," ni Ìjàpá wí.

Lọ́sàn-án, nígbà tí Ìyá Àparò àti Òkété lọ jẹun, ó yọ́ wọ oko náà. Ó gbé etí lé ọparun, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ki orí bọ̀ ọ́. Orí wọlé. Orí kò jáde.

Igbe rẹ̀ ló pe àwọn méjèèjì. Òkété di ìkarahun mú, Ìyá Àparò di ọparun mú, wọ́n ń fà.

"Kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀?" Òkété bi í.

"Ohun tí ọparun ń sọ," Ìjàpá dáhùn láti inú.

"Kì í sọ̀rọ̀," ni Ìyá Àparò wí. "Omi abẹ́ ilẹ̀ ni mo fi ń wò. Bó bá ṣì wà nítòsí, n kì í fi kún un. Bó bá ti lọ sísàlẹ̀, mo máa ń la ojú omi."

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kí wá ni mo ń jí omi Òkété fún?"

Òkété dẹwọ́. "Omi ta ni?"

Ẹyin ọ̀rọ̀ ti fọ́. Òkété kò fà á mọ́ títí ó fi jẹ́wọ́ ibi tí ihò wà. Ìgbà náà ló wá fà á tìbínú-tìbínú. Ọrùn Ìjàpá nà gbọọrọ, ó já kúrò nínú ọparun, ó sì sá wọ inú ìkarahun lọ.

Òkété dí ihò náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, omi sì padà sí oko rẹ̀. Nígbà ìkórè, Ìyá Àparò kó agbọ̀n mẹ́wàá, Òkété kó mẹ́fà. Méjì ni ti Ìjàpá, ìyàngbò ló sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọrùn Ìjàpá ti ń yọ tó sì ń wọlé. Bó bá rí ohun tí kò yé e, yóò na ọrùn wò ó. Bí ìtìjú bá dé, yóò fà á padà kíá.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí ìrẹsì tuntun má ṣe dùn lẹ́nu mi.