Ọláníkẹ̀ẹ́ Fi Oríkì Tilẹ̀kùn

A kì í fi oríkì tilẹ̀kùn. Bí ẹ bá ti bá àwọn ará Ìdí-Àfọ̀n jókòó rí, ẹ ó ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Àwọn kan ní ayé ogun ni wọ́n ti pa á, pé ọba kan ló fi oríkì ara rẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí fún àwọn oníbodè. Irọ́ ni. Òwe náà kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fà á ṣì wà láyé, ó ń ránṣọ, bí ẹ bá sì gbé aṣọ fún un lónìí, ẹ kò ní rí i gbà lọ́jọ́ tó dá fún yín. Ọláníkẹ̀ẹ́ ni orúkọ rẹ̀.

Wọ́n fẹ́ la títì ńlá kan, títì náà sì gba àárín Ìdí-Àfọ̀n kọjá. Katakata dé, ó wó ilé baba oníkálukú, ni àwọn èèyàn bá fọ́n ká. Òmíràn gba Kàdúná lọ, òmíràn gba Èkó, òmíràn sọdá òkun. Ọláníkẹ̀ẹ́ àti ìyá bàbá rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Àgbà, lọ háyà yàrá méjì ní òdìkejì ìlú.

Géèmù kan wà lórí fóònù tí èèyàn ti lè kọ́ ìlú, kí ó sì máa gbèjà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn akọluni. Ọláníkẹ̀ẹ́ ló dá a lábàá pé kí àwọn tún Ìdí-Àfọ̀n kọ́ sínú rẹ̀. Ó pe àwọn ọmọ àdúgbò jọ láti ibi tí wọ́n fọ́n ká sí, kálukú sì kọ́ ilé bàbá rẹ̀ síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n gbin igi àfọ̀n, wọn kò gbàgbé àga tó ti ya lẹ́sẹ̀ níwájú ilé Alágbẹ̀dẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe é. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á pàdé níbẹ̀, wọ́n á lé ọ̀tá, wọ́n á sì máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bí ìgbà tí àdúgbò ṣì wà. Àkáǹtì Ọláníkẹ̀ẹ́ nìkan ló láṣẹ láti wó ilé tí wọ́n bá ti kọ́ tán. Wọ́n fún un ní àṣẹ yẹn nítorí pé wọ́n fọkàn tán an.

Nígbà tó ń ṣí àkáǹtì náà, géèmù ní kí ó yan páásíwọ́ọ̀dù tí ẹlòmíràn kò ní lè mọ̀. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó mú oríkì rẹ̀: Àwẹ̀ró Ọ̀kín. Kò sí nínú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, kò sí lórí káàdì kankan, ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Géèmù tún ní kí ó fi títì kejì kún un, èyí tí wọ́n máa ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí fóònù ẹni kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ó ní òun á ṣe é lọ́la. Ọ̀la télọ̀, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó ń gé aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí Sàlámátù pè é láti Kàdúná. Sàlámátù ni Balógun ìlú inú géèmù. Kò tíì pẹ́ tí Ọláníkẹ̀ẹ́ gba oyè náà lọ́wọ́ Gbádébọ̀ onígbàjámọ̀ tó sì gbé e fún un, torí pé bí ọ̀tá bá dé, oorun ni Gbádébọ̀ máa ń sùn.

"Ọláníkẹ̀ẹ́, kí la ṣe fún ọ?" Kò tilẹ̀ kí i.

"Kí ló dé?"

"O tún ń bi mí kí ló dé? Ìwọ tí ò ń wó ilé wa! O ti wó ti bàbá mi. Ti Alágbẹ̀dẹ lo wà báyìí. Mò ń wò ọ́!"

"Èmi kẹ̀? Sàlámátù, àlùmọ́gàjí ló wà lọ́wọ́ mi!"

Sàlámátù ti pa fóònù. Ọláníkẹ̀ẹ́ ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Ó ṣí géèmù, ó tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, kò ṣí. Ó tún un tẹ̀, kò ṣí. Géèmù wá kìlọ̀ fún un pé bí ó bá ṣì í lẹ́ẹ̀kan sí i, àkáǹtì náà yóò tì pa fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ó yára gbé ọwọ́ kúrò lórí fóònù bí ẹni tí iná jó.

Èèyàn lè wo ìlú náà láti òkèèrè láìní àkáǹtì, kò kàn ní lè fọwọ́ kan nǹkan ni. Ó wò ó. Ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ àdìrẹ tó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn, tó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, tí ilé sì ń wó lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ará àdúgbò ń rọ́ wọlé. "Ọ̀dàlẹ̀." "Katakata wó o, a fara dà á. Ìwọ náà?" Àgbà kan láti òkè òkun kàn béèrè ni: "Ọmọ mi, èló ni wọ́n fún ọ?" Ìyẹn ló dùn ún jù. Ẹ̀rù tó bà á lọ́jọ́ náà ju ti ọjọ́ katakata lọ, torí pé lọ́jọ́ katakata, ó kéré tán, kò sẹ́ni tó pe òun ní awakọ̀.

Ó ń wò, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ni ó bá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ẹni tó ń wólé náà dé ẹnu ọ̀nà ilé kan, ó dúró díẹ̀, ó sì yà kọjá. Ó wó èyí tó wà lọ́tùn-ún, ó wó èyí tó wà lósì, kò fọwọ́ kan ti àárín. Ilé bàbá Gbádébọ̀ ni.

Gbádébọ̀! Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló fẹ̀yìn ti ògiri àgbàlá wọn. Bí Ọláníkẹ̀ẹ́ bá sì ti kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà láàárọ̀, ohùn tí wọ́n fi ń ké oríkì rẹ̀, ẹni tó wà lójú títì ń gbọ́ ọ. Kò sí òwúrọ̀ tí Gbádébọ̀, níbi tó ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, kì í dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri pé, "Àwẹ̀ró Ọ̀kín, a jí bí?" Páásíwọ́ọ̀dù ni ọkùnrin náà fi ń kí i láti ọjọ́ yìí wá, tí òun náà sì ń jẹ́ ẹ.

Ó sáré jáde. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Ó pè é, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ó tún wo ìlú: wọ́n ti dé ilé Ìyá Àgbà, ògiri iwájú ti ń ya. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù tó lè gbìyànjú. Bí ó bá ṣì í, kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, Ìdí-Àfọ̀n á ti tún di ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kò sì sí ẹni tí yóò gbà pé kì í ṣe òun ló wó o. Kí ni Gbádébọ̀ lè fi pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù náà? Kí ló wà lọ́kàn irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀? Oyè. Ìyìn. Gbogbo oníbàárà tó bá fẹ́ gẹrun lọ́fẹ̀ẹ́ ló mọ ohun tí wọ́n ń pè é tí orí rẹ̀ á fi wú.

Ó tẹ̀ ẹ́: Àkànó Erin. Ó di ojú.

Ó ṣí.

Kò tíì mí tán tó fi pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù. Ohun tó fi rọ́pò rẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Títì kejì tó ti ń sún di ọ̀la, ó ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ìdajì ìlú ti lọ. Ilé Ìyá Àgbà ṣì dúró, ṣùgbọ́n kò ní ògiri iwájú mọ́.

Nígbà náà ni ìbínú tó wá rí àyè. Ó wọ àgbàlá lọ bá Ìyá Àgbà níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ké oríkì mi sókè mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kì mí, ẹ máa sọ ọ́ sí mi létí. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ tí olè fi gbọ́!"

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Màmá gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Nígbà tí Gbádébọ̀ wá gbà á tán, kí ni òun náà fi tì í?"

"Oríkì tirẹ̀ ni, mà."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín kúrò lójú wọn.

"Àwẹ̀ró, lọ́jọ́ tí wọ́n wólé wa, abẹ́ òkúta ni gbogbo ẹrù mi wà. Oríkì yín nìkan ni mo rí gbé jáde, torí pé ẹnu ni mo fi gbé e. Òun lo wá ní kí n máa fi pamọ́? Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń fi pamọ́. Oríkì, kíké ni wọ́n ń ké e. Ta ló ní kí o fi tilẹ̀kùn?"

Ọláníkẹ̀ẹ́ gbé orí lé itan wọn, ó sunkún ẹ̀rù tó ti ń gbé mì láti ọ̀sán. Ní ìrọ̀lẹ́, ó kọ ohun tí Gbádébọ̀ ṣe àti ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ránṣẹ́ sí gbogbo ará àdúgbò, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Sàlámátù pè, ó kọ́kọ́ kí i, ó tó wá bẹ̀ ẹ́. Gbádébọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ nínú àgbàlá, òun ni wọ́n sì ní kí ó kọ́kọ́ máa tún ilé onílé kọ́ kí ó tó sọ pé òun fẹ́ sùn.

Láti ọjọ́ náà ni òwe yìí ti wà lẹ́nu àwọn àgbà Ìdí-Àfọ̀n. Bí wọ́n bá rí ẹni tó fi ohun tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn ṣọ́ ohun iyebíye rẹ̀, wọ́n á ní, "A kì í fi oríkì tilẹ̀kùn." Wọ́n tún máa ń pa á fún ẹni tí olè jà, tó wá ń bínú sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá Àgbà kò sì dín ohùn kù: bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹni tó wà lójú títì ṣì ń gbọ́ Àwẹ̀ró Ọ̀kín.