Ọjọ́ tí Àwẹ̀ró Wá Ògbufọ̀ fún Lọ́yà

Lọ́yà Ọláṣebìkan kò ní ìyá mìíràn ju Àwẹ̀ró lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí i ni. Ìyá tó bí i kú sórí ìkúnlẹ̀, ni Àwẹ̀ró, elépo ìlú Ìdóṣùn, bá gbé ọmọ pọ̀n. Tòun tọmọ lẹ́yìn ló ń tẹ epo nínú ẹkù, iṣẹ́ epo yẹn náà ló sì fi rán an níwèé títí ó fi gba Lọ́ńdọ̀nù lọ. Nígbà tí Àlàó rẹ̀, bó ṣe máa ń fi oríkì pè é, máa dé, lọ́yà ló dà.

Láyé òyìnbó, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní kóòtù. Bí adájọ́ jẹ́ Yorùbá, tí lọ́yà náà jẹ́ Yorùbá, ògbufọ̀ ṣì gbọ́dọ̀ dúró láàárín àwọn àti ẹlẹ́jọ́. Kò burú, òfin kóòtù ni. Ṣùgbọ́n Ọláṣebìkan kó òfin yìí wọlé. Ó ní báwọn èèyàn bá ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu òun, wọn ò ní bẹ̀rù òun mọ́. Ẹni tó bá wá a wá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò dúró sí, Sámúẹ́lì akọ̀wé ni yóò rojọ́ fún. Sámúẹ́lì yóò yí i sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀gá tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró wá kí i, epo ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òyìnbó méjì jókòó ní pálọ̀.

"Àlàó, ṣé dáadáa lo jí?"

Ojú ti Ọláṣebìkan. Ó kọjú sí Sámúẹ́lì, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé kí ni obìnrin yìí ń wá.

Sámúẹ́lì wolẹ̀. "Màmá, wọ́n ní kí lẹ ń fẹ́?"

"N ò fẹ́ nǹkan kan," ni Àwẹ̀ró wí, ó sì yí padà lọ.

Ọdún kan kọjá. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní kí wọ́n na àgbẹ̀ kan ní gbangba nítorí pé kò ṣí fìlà fún òun. Ọláṣebìkan bèèrè ìdí, wọ́n lé òun náà síta bí ajá. Ọ̀rọ̀ yẹn ká a lára. Ó fi kóòtù sílẹ̀, ó ń ti ìlú dé ìlú, ó ń wí pé kí òyìnbó máa lọ, ká ṣèjọba ara wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tì í mọ́lé. Ẹ má sọ pé irọ́ ló ń pa o; ó dá a lójú.

Àfi bí ajẹ́lẹ̀ ṣe ní òun fẹ́ gba oko ọ̀pẹ àwọn ará ìlú tó wà létídò fún bárékè ṣọ́jà. Ọláṣebìkan kọ ìwé sí Lọ́ńdọ̀nù láti takò ó. Ó ku kí àwọn baálé àti ìyá ẹgbẹ́ elépo tẹ̀ka sí i, torí ọkọ̀ òkun tí yóò gbé ìwé náà á lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́bọ̀, ìlú pé síwájú ààfin. Ó sọ Yorùbá tó dùn.

"Òyìnbó wà láàárín wa," ó kígbe, "kò sì gbọ́ ohùn wa!"

Àwẹ̀ró, ìyá ẹgbẹ́ elépo, dìde. "Akọ̀wé, máa bọ̀. Bá mi kí lọ́yà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Màmá, mo gbọ́ yín," ni Ọláṣebìkan wí. "Ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Àwẹ̀ró ò wò ó. "Sámúẹ́lì, kí ló wí?"

Òógùn bo Sámúẹ́lì. "Wọ́n... wọ́n ní àwọn gbọ́ yín, Màmá."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ìgbà wo ló tún gbédè? Bi í pé kí ló ń fẹ́."

"Ìka wa ló ń fẹ́!" ni ẹnì kan kígbe lẹ́yìn. Ẹ̀rín tún sọ.

"Sọ fún un pé òyìnbó tó ń bú yẹn, kò gbọ́ èdè wa ni. Ẹni tó gbọ́, tó ní òun ò gbọ́ ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọláṣebìkan tó ti bá adájọ́ fa ọ̀rọ̀ títí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀. "Mo jẹ̀bi, Màmá."

"Dìde. Tèmi ti tán. Àwọn tó kù tó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ ńkọ́?"

Baálé Ọ̀jẹ́wùmí, àgbà wọn, gbọn agbádá rẹ̀. "Lọ́yà, ṣé ká lé ọ̀gá kan lọ, ká tún gba òmíràn sílé? Òmìnira tí ò ń pè yìí, ẹ̀ṣọ́ ni. A kì í ti ìta ṣe ẹ̀ṣọ́. Lọ kó tìrẹ nílé ná."

Wọ́n tú ká. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ka.

Láti ọjọ́ kejì, Ọláṣebìkan ń fẹsẹ̀ rìn láti agboolé dé agboolé, ó ń jókòó sórí àpótí ìdáná, ó ń gbọ́ ẹjọ́ wọn láìsí ògbufọ̀. Wọ́n tẹ̀ka. Àmọ́ ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó tẹ ìka tó kẹ́yìn, ọkọ̀ òkun sì ti lọ. Kí òmíràn tó dé, ṣọ́jà ti gé ọ̀pẹ Àwẹ̀ró tán. Ìdajì oko ni wọ́n padà rí gbà. Ọláṣebìkan di aṣíwájú ńlá, òyìnbó sì lọ. Síbẹ̀, bí mọ́tò rẹ̀ bá ń kọjá létídò, ilẹ̀ ló máa ń wò.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.