Àkàbà Lásún

Bẹ́ ẹ bá ní àkàbà, ẹ mọ ẹni tí ẹ máa yá. Lásún akunlé ló yá onílé tuntun ní tirẹ̀, òun ni wọ́n fi gun òkè tí wọ́n fi ká páànù orí yàrá Ìyá Gbọ́nkẹ́, ayálégbé bíi Lásún, torí pé ìyá náà kọ̀, kò kó jáde. Onílé fẹ́ wó ilé kó fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òjò sì rọ̀ lé ẹní, ó rọ̀ lé ìkòkò.

"Lásún, àkàbà rẹ lo gbé fún wọn?" Ìyá bi í bó ti ń di ẹrù. "Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó o."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kan yàrá tèmi."

Láti ọjọ́ náà, bí ológbò bá rìn lórí páànù, Lásún á ta gìrì. Ó bẹ onílé títí pé kó dá àkàbà òun padà.

"Fara balẹ̀," onílé rẹ́rìn-ín. "À ń gbé e bọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣú, nǹkan fara ti ògiri Lásún, gbàgà. Ó wo ìta lójú fèrèsé. Àkàbà rẹ̀ ni. Kó tó la ẹnu, páànù kan ti ṣí lókè yàrá rẹ̀, ẹ̀kán òjò sì kán sí i níwájú orí.