Fóònù Mìsì Fadérera

Ní ìlú Òkè-Àgbọn, nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé ṣì ń ru àga ìjókòó wọn lórí láti ilé wá sí kíláàsì, olùkọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Mìsì Fadérera. Kíláàsì kìíní ló ń kọ́. Kò bímọ, ṣùgbọ́n kò sí agbo ilé kan nílùú náà tí kò lọ́mọ sí. Láràárọ̀, kí ó tó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ojú àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ojú ló fi ń mọ ẹni tí ebi ń pa, ojú ló fi ń mọ ẹni tí ibà bá jí, ojú náà ló sì fi ń mọ ẹni tí wọ́n nà kó tó kúrò nílé. Ẹni tí kò jẹun yóò bá mọ́ínmọ́ín lórí àga rẹ̀. Mìsì kò ní sọ̀rọ̀, ọmọ náà kò sì ní sọ̀rọ̀.

Ìbídùn wà lára àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Nígbà tí à ń wí yìí, ó ti di ìyá ọlọ́mọ, ó ń ránṣọ nítòsí ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fọ́n káàkiri: Gbádébọ̀ wà ní Kánádà, Tẹlà ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, àwọn yòókù sì wà níbi tí oúnjẹ òòjọ́ gbé wọn lọ. Ìbídùn ló kù sílé, òun ló sì máa ń lọ wo Mìsì ní ọjọ́ Sátidé. Yóò gbálẹ̀, yóò pọnmi, àwọn méjèèjì yóò wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn yóò máa rántí ìgbà àtijọ́. Wọ́n á rántí ọjọ́ tí ìjì ṣí òrùlé kíláàsì, tí Mìsì kó gbogbo wọn mọ́ra ní kọ̀rọ̀ ògiri, tó ń kọrin fún wọn títí ìjì fi rọlẹ̀. Wọ́n á rántí ìgbà tí Gbádébọ̀ fa ewúrẹ́ wá sí iléèwé, tó ní òun kò fẹ́ kí ó dá wà nílé. Mìsì á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìbídùn," ló wí lọ́jọ́ kan, "bí mo bá rántí àwọn ọmọ mi, ojú ọmọdé náà ni mò ń rí. N kò mọ irú àgbà tí wọ́n dà. Wọ́n ní fóònù kan wà tí ènìyàn fi ń rí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀."

"Ó wà, Mìsì."

"Mo fẹ́ rí wọn."

Fóònù kékeré tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí ni Mìsì ń lò. Ìbídùn gbé ọ̀rọ̀ náà sí orí Wọ́sáàpù, níbi tí gbogbo ẹlẹgbẹ́ wọn ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ti gbà láti dáwó. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí, àfi ìgbà tí Gbádébọ̀ ní áífóònù ni kí wọ́n rà.

"Kò ní wàhálà fún àgbàlagbà," ló wí. "Ìyá ìyàwó mi ń lò ó. Bó bá ti mọ̀ ọ́n lónìí, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn."

Tẹlà dá a lóhùn pé, "Kánádà lo wà lo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Áńdíróìdì ni gbogbo Òkè-Àgbọn ń lò. Bí ṣájà rẹ̀ bá sọnù, ilé kejì ló ti máa yá òmíràn."

"Ohun tó dára jù ló yẹ Mìsì, kì í ṣe ohun tó wà nílé kejì."

"Ṣé èyí tí èmi ń lò ni kò dára?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe kúrò lórí Mìsì nìyẹn, tó di ọ̀rọ̀ ẹni tó lajú àti ẹni tí kò lajú. Ẹgbẹ́ pín sí méjì. Àwọn kan ń fi fọ́tò ránṣẹ́ kí ayé lè rí i pé tiwọn mọ́lẹ̀ ju ti ẹnìkejì lọ. Ìbídùn gan-an kò dúró láàárín. Áńdíróìdì ló ń lò, ó sì ti ń fojú inú wò ó bí òun yóò ṣe máa kọ́ Mìsì, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò di olùkọ́. Bó bá jẹ́ áífóònù ni, ẹlòmíràn ni yóò wá kọ́ ọ. Ó wá di pé bó ti ń gán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ló ń fèsì fún Gbádébọ̀.

Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Bí Mìsì bá béèrè, Ìbídùn á ní, "A ti ń bá a bọ̀, Mìsì. Èyí tó dára la fẹ́ rà."

"Kò sí èyí tí kò dára lójú mi," ni Mìsì á wí.

Ìbídùn rí i pé Mìsì ti ń fọwọ́ tọ́ ògiri bó bá ń lọ sí yàrá. Ó rò pé orúnkún ni. Ó rí i pé Bíbélì kò sí lórí tábìlì mọ́, kò sì béèrè. Èsì tí yóò fún Gbádébọ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìjà náà sú wọn. Tẹlà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n ra èyíkéyìí. Gbádébọ̀ náà rọ̀, ó ní kí wọ́n ra Áńdíróìdì kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ìbídùn rà á, wọ́n sì dá ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, pé kí gbogbo wọn pé sórí fóònù.

Mìsì wọ bùbá léèsì rẹ̀, ó sì wé gèlè. Ìbídùn pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ojú wọn sì ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn fi ohùn gbọọrọ tí wọ́n fi ń kí olùkọ́ ní kíláàsì kígbe pé, "Ẹ káàsán, Mìsì!" Ìbídùn gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́.

Mìsì rẹ́rìn-ín, ó gbé e sókè níwájú ojú ara rẹ̀. Ẹ̀yìn fóònù ló kọjú sí i. Ògiri ni àwọn ọmọ rẹ̀ kọjú sí.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ló wí fún ẹ̀yìn fóònù, "ẹ mà ti dàgbà o."

Ìbídùn rò pé ó ṣì í mú ni, ó bá a yí i padà. Ẹ̀rín Mìsì kò yí padà, ojú rẹ̀ kò sì tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀. Ìbídùn ju ọwọ́ níwájú rẹ̀. Kò ṣẹ́jú.

"Mìsì, ṣé ẹ kò ríran ni?"

"Ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ," ni Mìsì wí. "Nígbà tí mo bá ọ sọ̀rọ̀ yẹn, òsì ṣì ń rí díẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé kò ní pẹ́. Nínú ọyẹ́ yìí ló ṣú tán."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?"

"Ẹ ní èyí tó dára lẹ fẹ́ rà. N kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mò ń lé yín." Ó fọwọ́ ra iwájú fóònù náà jẹ́jẹ́. "Dígí yín dára, ẹ̀yin ọmọ mi. Ojú tí ǹ bá fi wò ó ni kò dúró."

Tẹlà bú sẹ́kún. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó di orúnkún Mìsì mú.

"Ó tó," ni Mìsì wí, ohùn rẹ̀ sì le bíi ti olùkọ́. "Ẹkún kò lè là mí lójú. Ẹ sọ ojú yín fún mi. Gbádébọ̀, ìwọ ni kó o bẹ̀rẹ̀."

Gbádébọ̀ fọwọ́ ra orí rẹ̀. "Orí mi ti pá, Mìsì."

"Pátápátá?"

"Ó ku díẹ̀ lẹ́yìn etí, mà. Irùngbọ̀n mi ti funfun. Mo sì sanra."

"Ìwọ tí egungun ìhà rẹ ṣeé kà!" Mìsì rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́. "Tẹlà ńkọ́?"

Tẹlà ní òun ti ń lo awò ojú, pé ojú òun sì ti di ojú ìyá òun gẹ́lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan Ìbídùn.

"Ẹ mọ̀ mí, Mìsì. Ọ̀dọ̀ yín ni mo wà."

"Mo mọ̀ ọ́ títí di ìgbà òjò. Báwo ni ojú rẹ ṣe rí nísinsìnyí?"

Ìbídùn fọwọ́ kan ojú ara rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló rí sọ: "Omijé ló wà lójú mi, mà."

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká Òkè-Àgbọn. Níbi tí àwọn ọmọ bá ti ń fa ohun tí wọn yóò ṣe fún òbí mọ́ra wọn lọ́wọ́, tí ọ̀kan ní báyìí ló dára, tí èkejì ní bẹ́ẹ̀ kọ́, àgbàlagbà kan á fi ọ̀rọ̀ Mìsì Fadérera là wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á lówe títí di òní pé: a kì í jiyàn dígí títí ojú fi fọ́.