Màlúù Oníyọ̀ ti Ìmọdàn

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí ẹnikẹ́ni ní Ìmọdàn kò tíì tọ́ wàrà wò, ni Ọdẹ́ṣínà kó màlúù kúkúrú méjìlá la odò kọjá wá sí ìlú. Ọdẹ́ṣínà, a-súfèé-kí-agbo-dúró, ọkùnrin tí ó mọ orúkọ màlúù rẹ̀ ju orúkọ àwọn àna rẹ̀ lọ! Ẹran náà bí sí i, wọ́n rẹ̀ sí i, títí gbogbo agbo ilé fi ní tirẹ̀.

Inú ọba dùn gidigidi. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n mọ ère màlúù gàgàrà kan sí ẹnubodè, kí wọ́n sì máa fi orúkọ Ọdẹ́ṣínà pè é, nítorí pé ọkùnrin náà kò bímọ. Àwọn tó mọ ère náà kò fẹ́ lo amọ̀ lásán. Erùpẹ̀ oníyọ̀ etídò, èyí tí àwọn màlúù ń lá lójoojúmọ́, ni wọ́n lọ wà wá. Ọgbọ́n wọn pọ̀ jù! Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹran ti lá etí ère náà kan tán. Ni wọ́n bá sáré ṣọgbà yí i ká. Ọdẹ́ṣínà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, síbẹ̀ kò sí òwúrọ̀ kan tí kì í lọ fọwọ́ pa ère náà lára bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Lọ́dún kan, odò kún bo etídò fún oṣù mẹ́ta. Ẹran kò rí iyọ̀ lá mọ́. Wọ́n rù, wàrà gbẹ, ọmọ màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọdẹ́ṣínà gbé àáké, ó kọrí sí ọgbà ère.

Ọba pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, “Ọdẹ́ṣínà, rò ó dáadáa. Bí ère yìí bá lọ, kí ni a ó fi rántí rẹ?”

Ọdẹ́ṣínà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí màlúù bá kú tán, kí ni ère màlúù wà fún? Ẹ jẹ́ kí wọ́n lá mi.”

Ó gé ọgbà lulẹ̀, ó sì súfèé. Kí odò tó fà, ẹran ti lá ère náà di kòtò, ṣùgbọ́n agbo yè.

Ọdẹ́ṣínà dàgbà, ó darúgbó, ó sì kú tòun ti wàrà ní irùngbọ̀n. Láti ìgbà náà, ẹni tí màlúù rẹ̀ bá bí ní Ìmọdàn a gbé ọmọ ẹran náà lọ sí kòtò ẹnubodè, a bu iyọ̀ síbẹ̀ fún un lá, a sì ké tòò pé, “Ọdẹ́ṣínà, ọmọ rẹ mìíràn dé o!”