Pápá Tí Wọ́n Tú Omi Sí

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú kan pè é, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà láti gòkè sí líìgì àgbà, tí wọn kò rí i. Ó sọ fún alága ẹgbẹ́ pé, "Ẹ fún mi ní ọdún mẹ́ta. Màá kọ́ wọn láti máa gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀, láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀. Kì í tètè mọ́ èèyàn lára, ṣùgbọ́n tó bá ti mọ́ wọn lára, kò sí pápá tí wọn ò ní lè gbá a lórí rẹ̀." Alága ní ọdún mẹ́ta kò pọ̀ jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gba èèyàn síṣẹ́, kò sí ohun tó máa ń pọ̀ jù.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀. Ní àràárọ̀, kí oòrùn tó mú, ó ń kọ́ wọn pé ẹni tó bá ti fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró, kó sáré lọ síbi tí bọ́ọ̀lù tún máa gbà. Ó fi agbábọ́ọ̀lù kúkúrú kan sí àárín, ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń rí àyè kí ojú ẹlòmíì tó rí i. Díẹ̀díẹ̀, ó ń mọ́ wọn lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, àlejò ń nà wọ́n nílé, onílé ń nà wọ́n lájò. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: "Wọ́n ń pín bọ́ọ̀lù bí ẹran iléyá, àlejò ló ń jẹ ẹ́."

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, alága wá bá a létí pápá. Kò jókòó.

"Kóòṣì, àwọn tó ń bọ̀ ní Sátidé ló wà lókè tábìlì. Bí wọ́n bá nà wá, mi ò ní lè gbà ọ́ lẹ́nu àwọn ará ìlú mọ́. Kó o yáa di ẹrù rẹ."

"Alága, ọdún mẹ́ta la jọ sọ."

"Ọdún mẹ́ta kẹ̀? Ṣebí Sátidé ló ṣáájú rẹ̀."

Ọkùnrin náà ń wo ẹ̀yìn alága bó ṣe ń lọ. Kò tíì pẹ́ tó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí ìlú náà. Wọn kò tíì tú ẹrù wọn tán.

Fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kù. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ ni agbára àwọn àlejò tó ń bọ̀ yìí, bọ́ọ̀lù ilẹ̀ sì ń fẹ́ ibi tó tẹ́jú, tí kò rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọkùnrin náà pe táńkà omi, ó ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ sí àárín pápá, kí ẹnikẹ́ni má sì gé koríko. Balógun ẹgbẹ́, àgbà agbábọ́ọ̀lù tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, dúró ó ń wò ó.

"Ọ̀gá, àwa náà ńkọ́? Ṣé a ò ní gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀ ni?"

"Ti ọ̀la nìkan ni."

Lọ́jọ́ kejì, ẹrẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù àwọn àlejò mì. Wọ́n á gbá a, á dúró lágbedeméjì bí ewúrẹ́ tó kọ ọ̀nà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, aṣọ́lé ọkùnrin náà gbá bọ́ọ̀lù sókè láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, agbábọ́ọ̀lù kan tó ga bí òpó sì fi orí kàn án sínú àwọ̀n. Gọ́ọ̀lù kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n fi borí. Wọ́n gbé akọ́nimọ̀ọ́gbá lé èjìká. Alága gbá a mọ́ra, ó ní, "Àbí ìwọ náà ò rí i pé o mọ̀ ọ́n?"

Nígbà tí àlejò mìíràn fẹ́ dé, ó rántí Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó tún pe táńkà. Bẹ́ẹ̀ ni "ti ọ̀la nìkan" ṣe di ti ọjọ́ Ẹtì gbogbo. Ẹrẹ̀ kò fẹ́ ẹni kúkúrú, nítorí náà ọkùnrin àárín náà padà sórí bẹ́ǹṣì. Wọn kò sì ní pápá mìíràn, nítorí náà inú ẹrẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe ìgbáradì. Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀. Kò sì sí àlejò tó wá síbẹ̀ tó fi ẹ̀rín lọ.

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ dé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá, èyí tí ẹni tó bá borí yóò gòkè sí líìgì àgbà. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe, wọn kì í gbá irú rẹ̀ nílé ẹnì kankan. Ìlú mìíràn ni wọ́n gbé e lọ. Ọkùnrin náà wọ pápá náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Ó gbẹ. Ó tẹ́ bí ẹní.

Gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá sókè ń ta kọjá orí ọkùnrin gíga náà, ó ń jáde. Àwọn ẹgbẹ́ kejì ń fi tiwọn ránṣẹ́ sí ara wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, gọ́ọ̀lù méjì ti wọlé.

"Ẹ gbé bọ́ọ̀lù wálẹ̀," ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wí. "Ẹ gbá a bí mo ṣe kọ́ yín."

Balógun nu òógùn ojú rẹ̀. Kò gbóhùn sókè.

"Ọ̀gá, lórí pápá wo?"

Wọ́n fi ọkùnrin kúkúrú náà wọlé. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó gbójú sókè, ó fi í ránṣẹ́ síbi tó yẹ gan-an, ibi tí ẹnì kan ì bá ti sáré dé nígbà àwọn àárọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn. Ẹnì kankan kò sáré. Bọ́ọ̀lù dá nìkan yí lọ títí ó fi kọjá ilà. Ọkùnrin kúkúrú náà bojú wo akọ́nimọ̀ọ́gbá, akọ́nimọ̀ọ́gbá sì wo ilẹ̀.

Wọn kò gòkè. Alága gba kọ́kọ́rọ́ ilé tí ẹgbẹ́ fi í sí lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù lọ, ó yà sí pápá, ó gbé bọ́ọ̀lù kan kalẹ̀ ní àárín, ó sì fẹsẹ̀ tì í jẹ́jẹ́. Bọ́ọ̀lù náà kò lọ síbì kankan nínú ẹrẹ̀ náà.

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹgbẹ́ lé lọ́wọ́, mi ò ní kí o má wá bí wàá ṣe borí ní Sátidé. Mi ò sì ní purọ́ fún ọ: bí ọkùnrin yẹn kò bá pe táńkà, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà padà bọ́, ẹsẹ̀ àwọn tó kọ́ sì bá a lọ. Alága tìrẹ náà ń bọ̀, kò ní jókòó. Lọ́jọ́ yẹn, kí o tó ké sí ẹnikẹ́ni pé kó tú omi, kọ́kọ́ bi ara rẹ pé ta ni yóò kù lórí pápá yìí. Àlejò yóò tẹ ẹrẹ̀ rẹ lẹ́ẹ̀kan, yóò fọ bàtà rẹ̀, yóò máa lọ. Àwọn tìrẹ ni yóò máa gbé inú rẹ̀.